Ìka Tí Kò Ṣẹ̀

Bí aago bá lu méjìlá, ìka bàbá mi tó o kà láìkù ọ̀kan. Mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Kì í ṣe ẹran kékeré tó kàn rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín o. Ìka gidi ni: ó ní eegun, ó ní oríkèé, ó ní èékánná tí wọ́n ń gé pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Olúgbódi ni àwọn àgbà ń pe ẹni tí wọ́n bá bí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, Bàbá Méjìlá ni tọmọdé tàgbà mọ̀ wọ́n sí. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé bí ẹnìkan bá fi orúkọ inú ìwé pè wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aago ni wọ́n ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò fẹ̀ ju ilé ìdáná wa lọ. Tábìlì kan wà lójú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun bo orí rẹ̀ kí ohun tó bá já bọ́ má baà sọ nù. Àpótí kan tó ní ojú kéékèèké mẹ́rìnlélógún wà lápá òsì, gíláàsì tí wọ́n ń fi sójú kan ṣoṣo wà lápá ọ̀tún. Aago mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri, kò sì sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu. Bàbá mi ló mọ̀ọ́mọ̀ yí wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó síbi tí odidi mẹ́tàdínlógún á ti máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà bí ìdílé tó ń jà. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Bàbá, èwo ló tọ̀nà nínú wọn?" wọ́n á na ọwọ́ síwájú, wọ́n á ní, "Èyí tó wà lọ́rùn-ọwọ́ mi." Ibẹ̀ ni oníbàárà á ti rí ìka. Ẹlòmíràn á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn á gbàgbé aago tó gbé wá.

Oníṣẹ́ aago mìíràn á fi irin de aago mọ́ tábìlì kó tó lè tú u, nítorí nǹkan inú rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá mi ò nílò irin kankan. Ọmọńdinrín wọn àti ìka kẹfà á gbá aago náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ pinpin, ìka àárín á gbé e ró, àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ á mú ẹ̀mú, wọ́n á sì máa ṣa àgbá eléyín kéékèèké inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan ló ń di aago mú, ọwọ́ kan náà ló ń tú u. Ọwọ́ kejì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn ńṣe ni wọ́n ń fi í mu tíì.

Ojú kì í ti bàbá mi. Èmi lojú máa ń tì.

N ó sọ èyí tó burú jù, kí n lè rí ìyókù sọ. Lọ́jọ́ tí mo gboyè nílé-ẹ̀kọ́ gíga, bàbá mi wọ kóòtù tí wọ́n ra nítorí ọjọ́ náà. A ti dé ẹnu géètì kí n tó fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi ọwọ́ yín sápò." Wọ́n wò mí díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́, màmá mi ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni fẹ́ fọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá mi dúró, ọwọ́ wọn méjèèjì wà nínú àpò, wọ́n kàn ń mi orí ṣáá bí aláǹgbá.

Lẹ́yìn náà mo di atẹ̀wé ní ilé-ẹjọ́. Ohun tí agbẹjọ́rò bá sọ, tí ẹlẹ́rìí bá sọ, tí adájọ́ bá sọ, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìka mẹ́wàá ni mo fi ń ṣe é. Àpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Màmá mi sọ fún mi pé ife gbígbóná ni mo fọwọ́ kàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó ń tẹ irọ́ àwọn ẹlẹ́rìí lójoojúmọ́, kò mọ èyí tó wà lára òun fúnra rẹ̀!

Ní ọdún tí mo lóyún ni obìnrin kan gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, eegun àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀, bí ara wa ṣe ń yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní. Kó tó di pé wọ́n jáde, bàbá mi ti sọ wọ́n ní Dókítà Eegun.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Dókítà ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe aago, ojú wọn sì bọ́ sára ọwọ́ bàbá mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wo ọwọ́ yín?"

"Ẹ wò ó. Wíwò kì í mú un kéré."

Dókítà mú ìka wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń nà án, wọ́n rọra ń ṣe é bí ẹni mú ẹyin dání. "Ẹ gbé ìkẹfà nìkan sókè. Kí àwọn yòókù má mì."

Ìka kẹfà dìde, ó tẹ orí ba, ó tún dìde. Àwọn yòókù ò ràn án lọ́wọ́.

"Ta ló kọ́ yín láti máa lò ó báyìí?"

Bàbá mi ní, "Ta ló kọ́ ẹ̀yin láti máa lo tiyín?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti bẹ bàbá mi pé kí wọ́n wá sí yunifásítì kí àwọn lè yẹ ọwọ́ náà wò dáadáa. Bàbá mi wojú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí láìlanu. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi ni n ó bá yín ka ìwé tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí."

Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà nígbà tá a lọ. Yàrá Dókítà tutù, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì yí i ká, àwòkọ eegun ló kún inú wọn: agbárí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́, ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi sùn sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ké bí ẹni ń gbẹ́ òkúta, kí wọ́n máa mi ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn bá ṣe ń pè é. Èmi àti Dókítà dúró sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá kejì. Àwòrán orí bàbá mi ló wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá mi ìka kan, ibì kan á tàn yòò nínú àwòrán náà.

"Ẹ wò ó," Dókítà sọ. Wọ́n fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ibi tí ọpọlọ ti ń darí ọmọńdinrín nìyí. Ẹ tún wá wo ibí yìí. Ibi tó ti ń darí ìka kẹfà nìyí. Wọn ò jọ gbé yàrá kan náà. Orí bàbá yín gba ìka yìí lálejò, ó sì fún un ní yàrá tirẹ̀."

Nígbà tí bàbá mi jáde, wọ́n ń fọwọ́ ra etí wọn. "Ẹ̀rọ yẹn nílò òróró," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ.

Mo bi Dókítà ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Ṣé báyìí ni gbogbo ènìyàn ṣì máa dà lọ́jọ́ iwájú? Ṣé bàbá mi ló kọ́kọ́ débẹ̀ ni?"

Dókítà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, wọ́n to àwòkọ mẹ́rin sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ ẹran omi kan láyé àtijọ́, ìka mẹ́jọ ló wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. Mẹ́jọ ni lóòótọ́. Ìkejì ní márùn-ún. Ìkẹta jẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá kan tó ti ń dìde rìn, àmọ́ tó ṣì ń gun igi, ìka rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ìkẹrin jẹ́ ọwọ́ wa, àtàńpàkò rẹ̀ gùn, ó lè kan ìka yòówù tó bá wù ú.

"Àwọn ènìyàn rò pé àkàbà ni," Dókítà ní, "pé ńṣe là ń gòkè lọ láti orí ọ̀kan sí èkejì títí a ó fi dé orí òrùlé. Kì í ṣe àkàbà. Igi ló jọ. Ó ń yọ ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀ka tó bá bọ́ síbi tí àyè wà ló ń gùn, a kì í sì í mọ̀ tẹ́lẹ̀ ibi tí àyè á ti ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Bóyá lẹ́yìn ẹgbàárùn-ún ọdún, ọmọ ènìyàn á ní ìka mẹ́fà. Bóyá márùn-ún náà lá máa ní. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí gbogbo wa bá bára mu bí ẹyin adìyẹ, ọjọ́ iwájú ò ní rí nǹkan kan yàn. Àárín àwọn tó yàtọ̀ ló ti ń ṣa irúgbìn."

"Ṣé irúgbìn wá ni mí?" bàbá mi béèrè.

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ ti gbó kọjá irúgbìn."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ, mo gbé ọwọ́ mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòkọ kẹrin. Mo rò ó wò pé láti inú ẹrẹ̀ etí omi ni irú ọwọ́ yìí ti ń bọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ́, ó ti gun igi, ó ti ju òkúta, ó ti dáná, ó ti gbé ọmọ pọ̀n, kó tó wá di èyí tó ń tẹ ìwé ẹjọ́. Orí mi wú. Ènìyàn ò lè sọ pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kéré.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Dókítà ní kí bàbá mi wá kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí wọn. Gbọ̀ngàn náà kún. Ó tó igba ènìyàn. Wọ́n gbé kámẹ́rà kan sókè tábìlì, ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì á sì hàn gbàgàdà lára ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan jókòó níwájú, irun wọn funfun bí òwú. Dókítà ò tíì parí àlàyé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi dá wọn lẹ́nu dúró.

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òótọ́ mọ́lẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Àbùkù ara ni àbùkù ara ń jẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ti mú irú èyí kúrò lára ọkùnrin yìí nígbà tó wà lọ́mọdé."

Ọmọ inú mi sọ kúlú. Ẹnu mi ti là, mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n lò.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, aago ọwọ́ yín yẹn, ṣé ó ń rìn dáadáa?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago náà. "Ó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn lójúmọ́. Kí ló kan èyí?"

"Ẹ bá mi yọ ọ́."

Bóyá nítorí pé igba ojú ló ń wò wọ́n ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ọ́. Bàbá mi gbà á, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ẹ̀mú lé e. Wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Mo rántí géètì ilé-ẹ̀kọ́, mo rántí kóòtù tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn fúnra wọn ló fi í sápò, ọwọ́ òsì sì wà níta gbangba.

Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n fi tú aago náà. Lára ògiri, ìka mẹ́fà náà tóbi ju ènìyàn lọ. Ìka méjì ìkángun di aago mú, kò mì. Mẹ́rin yòókù ń ṣiṣẹ́: wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yọ àgbá eléyín jáde ní méje, wọ́n tò ó sórí aṣọ funfun, wọ́n nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá a padà. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló gbà. Nígbà tí wọ́n dé e, wọ́n gbé e sétí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aago yín lálàáfíà, ọ̀gá. Ìdọ̀tí ló dì í lọ́nà." Wọ́n nà án sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ọmọ márùn-ún ni ọwọ́ tiyín bí. Mẹ́fà ni tèmi bí. Ẹni tó bí mẹ́fà ò jí ti ẹnikẹ́ni gbé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi aago sétí, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n dìde dúró, gbogbo gbọ̀ngàn sì rí i pé wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò láti bọ bàbá mi lọ́wọ́, ìlà wọn dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà tò. Nígbà tó kàn mí, bàbá mi ní, "Ìwọ tún ń wá kí ni?" Mo ní, "Ọwọ́ ni mo wá bọ̀, ọ̀gá." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba tèmi.

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá à ń padà lọ sílé, mo ní, "Bàbá, lọ́jọ́ tí mo gboyè yẹn…"

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi ọwọ́ sápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Á à! Òtútù ló ń mú mi lọ́jọ́ yẹn."

Oòrùn ọjọ́ náà lè yan ẹran, àwa méjèèjì sì mọ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo sì nu ojú mi. Bàbá mi mú ọwọ́ òsì mi, wọ́n ń fi ìka kẹfà ra àpá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ife gbígbóná ló ṣe èyí."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mẹ́fà ni wọ́n bí mi pẹ̀lú, lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí mo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá mi rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta láti lọ tún aago ńlá ibùdókọ̀ ojú irin kan ṣe. Kí wọ́n tó dé, màmá mi ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wọn ló ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá mi bá ọmọ tí wọ́n fi báńdéèjì di lọ́wọ́.

"Kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo lè ṣe? Ìyá rẹ ń sunkún ju ìwọ lọ. Mo jókòó, mo ka ìka rẹ, mo kà á títí mo fi gbà pé mẹ́wàá náà pé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bímọ, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agbẹ̀bí gbé ọmọ sókè, ó ń ka ìka rẹ̀, ó tún un kà. "Obìnrin ni. Ara ẹ̀ le koko. Ìka ẹ̀… mọ́kànlá ni." Ọwọ́ òsì, bíi tèmi.

Awakọ̀ ojú irin ni ọkọ mi, ẹni tí nǹkan kì í yà lẹ́nu. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ṣé ó ń dùn ún?" Agbẹ̀bí ní rárá. Ó ní, "Kò burú nìyẹn," ó sì lọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ìyá ọkọ mi ni wàhálà ti wá. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àtàwa àti ará àdúgbò. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n gbé ọmọ náà mọ́ra, wọ́n fẹnu kò ó lórí, wọ́n sì sọ pé, "Ẹ ò mọ àwọn ọmọdé. Èmi fi ọgbọ̀n ọdún gbé láàárín wọn. Wọ́n á fi ìka yìí bá ọmọ mi ṣeré títí á fi kọ ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e nísinsìnyí tí kò ní rántí." Wọ́n ti bá dókítà oníṣẹ́-abẹ sọ̀rọ̀. Ó di ọjọ́ Ẹtì.

N ó sọ òótọ́: mi ò kọ́kọ́ kọ̀. Mo wo ọwọ́ kékeré yẹn, mo rí ojú àwọn ọmọ ilé-ìwé mi, mo sì sọ pé a ó rò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníṣẹ́-abẹ náà wá bá wa nínú yàrá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó yẹ ọwọ́ ọmọ wò. Ó ní, "Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Eegun wà nínú ẹ̀, iṣan wà nínú ẹ̀, ó ń mì fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń gé kì í rí báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní kí n gé e, mo lè gé e. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, kò ní pa á lára. Ọwọ́ yín ló wà." Ó gbé ìwé kan kalẹ̀ pé kí n fọwọ́ sí i, ó sì jáde kí á lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ń gbé ọmọ jó. Ọ̀gá Tíṣà gbé bírò fún mi. Bàbá mi kọjú sí fèrèsé. Màmá mi ló la ẹnu, àwọn tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Mo ti gé ọ̀kan rí," wọ́n ní. Ojú mi ni wọ́n ń wò. "Wọ́n ní kò ní rántí. Òótọ́ ni, kò rántí. Èmi ni mo rántí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí, tí mo bá ń wẹ ọwọ́ mi, mo máa ń rántí. Mo purọ́ ife gbígbóná. Mo sá fún ẹnu àwọn tí mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà lónìí."

Bàbá mi yíjú padà wò wọ́n. Wọ́n lọ jókòó tì wọ́n.

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo fi ìka mi kan án lọ́wọ́ òsì, ó fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbá a mú. Ó le! Èmi tí mo bí i, mo fà á, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kan ìka yìí?"

Gbogbo wọn wò mí.

"Mo ní ẹ̀sùn wo? Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ ẹjọ́. Mo ti tẹ ti olè, mo ti tẹ ti apànìyàn. Mi ò tíì tẹ ibi tí wọ́n ti dájọ́ fún ẹni tí wọn ò fẹ̀sùn kàn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọjọ́ mẹ́ta péré lèyí dé ilé ayé. Kí ló ṣẹ̀?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún gbé láàárín wọn lẹ máa kọ́ ọ ní bó ṣe máa dá wọn lóhùn."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n gba bírò wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e. "Ó dáa. Àmọ́ ẹ ò ní fi í pamọ́. Kò sí ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, kò sí aṣọ alápá gígùn. Ohun téèyàn bá fi pamọ́ làwọn ọmọdé máa ń lé kiri."

Nígbà tí oníṣẹ́-abẹ padà dé, bàbá mi ló kọ́kọ́ bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí ojú wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn wọn, ó ń dún bíi ti ọba tó jẹ oyè tuntun: "Dókítà, ẹ máa lọ sinmi. Mọ́kànlá lọmọ wa ń jẹ́."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ọ̀gá Tíṣà ló kọ́ Mọ́kànlá láti ìgbà tó ti ń dìde dúró, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń wo ọwọ́ rẹ̀, kó nà án síwájú kí onítọ̀hún wò ó yó. Nígbà òtútù ọdún kẹta, wọ́n hun ìbọ̀wọ́ méjì fún un, ọ̀tún onílé márùn-ún, òsì onílé mẹ́fà. Wọ́n tú ti òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó ṣe rẹ́gí, wọ́n sì ń gbé e kiri àdúgbò kí wọ́n tó gbé e wá fún wa.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé, Ọ̀gá Tíṣà ló mú un lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín ló ń pa wọ́n. Ọmọkùnrin kan ló wo ọwọ́ Mọ́kànlá, ó ní, "Ọwọ́ ẹ ò dáa." Mọ́kànlá mú ọwọ́ ọmọ náà, ó kà á dáadáa, àánú sì ṣe é. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Tìẹ náà ṣì máa hù."

Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, Dókítà Eegun wá sílé wa láti bẹ̀ wá pé kí àwọn wọn ọwọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe wọn ti bàbá àgbà rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi í."

Mọ́kànlá wà nílẹ̀ ní pálọ̀, ó tú rédíò àtijọ́ kan palẹ̀, nǹkan inú rẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Waya mẹ́ta ló fi ọwọ́ òsì dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìka méjì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá ibi tí wọ́n ti já. Dókítà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti téèpù ti ìwé.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o máa jẹ́ kí n wọn ọwọ́ ẹ díẹ̀?"

Kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ní sùúrù. Ọwọ́ mi dí."

Dókítà wo ọwọ́ náà. Lóòótọ́, ó dí. Wọ́n ká téèpù wọn, wọ́n fa àga kan, wọ́n sì jókòó dè é.